Kí Ó Tó Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ, àti Lẹ́yìn Tí Ó Bá Jáde

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ìlú wa, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, sọ níwájú ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa)



Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, mo rò pé ohun tí ó fẹ́ ni pé kí n sọ ti ibà àti omi mímu, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún tí ó kọjá, mo rí i pé ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti kọ́ yàrá iṣẹ́ abẹ titun sí ilé ìwòsàn ìlú wa, àti pé ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe ìlérí tábìlì iṣẹ́ abẹ àti iná ńlá tí a ń gbé kọ́ sí òkè rẹ̀. Inú mi dùn. Inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá lè fi sùúrù gbọ́ mi. Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọdún 19 nílé níhìn-ín, ọdún 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa. Ní ọdún 1987, ìpá tí ó ti ń yọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ há, a sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan tí èmi kì yóò dárúkọ, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi ní ìgbà náà. Ẹni ọdún 46 ni. Dókítà là á, ó gé ibi tí ó ti bàjẹ́ lára ìfun rẹ̀, ó sì rán an padà. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Mo rí ojú ọgbẹ́ náà fúnra mi. Bí aṣọ tí aránṣọ gidi rán ni ó rí.

Dókítà wí pé kí ó dìde jókòó ní ọjọ́ kejì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán kà á, ṣùgbọ́n aláìsàn ń kérora, ó sì ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì òru kò ka ìwé náà rárá, nítorí pé òun nìkan ni ó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù méjì. Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ aláìsàn ní ìnara àti ìrìn kì í wá ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá àbúrò bàbá wa tí ó dúró tì í wí pé ta ni yóò gbé ẹni tí a la inú rẹ̀ dìde? Ó fi ìfẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oúnjẹ kò kan ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní ẹsẹ̀ òsì ń dun òun. Ìyá wa fi òrí wọ́ ọ fún un, ó wọ́ ọ dáradára.

Èmi dé ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin náà. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́ta. Mo rí i pé ẹsẹ̀ náà wú ju èkejì lọ, mo sì mọ ohun tí a kọ́ wa nípa rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun yóò sọ fún dókítà bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀gá ni ó jẹ́ sí mi, ilé ìwòsàn ẹlòmíràn sì ni mo wà, mo dákẹ́. Ní ìdájí, ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó dìde dúró fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún, kò lè mí mọ́, ó sì ṣubú. Gbogbo àmì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ó já, tí ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ wò ó, ta ni ó pa á? Mo ti bi ara mi léèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olúkúlùkù wa ṣe díẹ̀ nínú ohun tí ó yẹ, kò sì sí ẹnìkan tí ó so ó pọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀ràn ilé kan ṣoṣo ni mo ń sọ, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2016, àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè 25 ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, yan ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ṣọ́ àwọn àgbà tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn 247. Àwọn aláìsàn náà ju 11,000 lọ. A tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2018. Àwọn 239 ni ó kú nínú wọn. Èyí ju 2 lọ nínú 100, ó sì tó ìlọ́po 2 iye tí ó ń kú káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tiwa kéré lọ́jọ́ orí, ara wọn sì le ju ti àwọn aláìsàn ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ń lọ. Nínú 239 yìí, àwọn 225 ni ó kú lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ yọ 225 kúrò nínú 239, 14 ni ó kù. Èmi kò sọ pé gbogbo àwọn 225 ni ìtọ́jú ì bá gbà là, nítorí pé àìsàn ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́ lára jìnnà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n jáde láàyè lábẹ́ iná ńlá náà. Orí ibùsùn ni wọ́n kú sí.

Ara ènìyàn kò mọ̀ pé dókítà ni ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ohun tí ó mọ̀ ni pé wọ́n ti gé òun. Nítorí náà ni ó ṣe ń jà bí ẹni tí ọlọ́ṣà dá lọ́nà. Ọkàn á máa sáré, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè, ara á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹran ara rẹ̀ láti rí agbára lò. Ìfun á sùn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ìrora kò sì jẹ́ kí ó mí kanlẹ̀, á pa dé, omi á kó síbẹ̀, òtútù àyà á sì rí ilé gbé. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ tí kò rìn á máa dì. Ọjọ́ kan ṣoṣo lórí ibùsùn ti ń gba agbára lọ́wọ́ arúgbó, ọ̀sẹ̀ kan sì lè sọ ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé di ẹni tí a ń dì mú.

Ẹni tí ó mú kí ayé tún ọ̀ràn yìí rò ni oníṣègùn abẹ kan, ará ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henrik Kehlet. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, ó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ohun tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé: bí iṣẹ́ abẹ bá lọ dáradára, kí ni ó tún dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́wàá? Ó wá a kiri, ó sì rí i pé ìrora ni, àti ìfun tí ó sùn, àti èébì, àti àìlágbára, àti okùn oríṣiríṣi tí a so mọ́ ọn. Ó gbógun ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1999, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ròyìn àwọn aláìsàn 16 tí wọ́n gé apá kan ìfun ńlá wọn. Ọjọ́ méjì péré ni púpọ̀ nínú wọn lò kí wọ́n tó lọ sí ilé. Àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 2001, àwọn oníṣègùn mélòó kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí Ken Fearon ti Edinburgh àti Olle Ljungqvist ti Sweden jẹ́ aṣáájú wọn, kó ara jọ láti dán an wò káàkiri, èyí sì di ẹgbẹ́ ńlá ní ọdún 2010. Láti ọdún 2009 sí 2011 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tan ètò náà ká àwọn ilé ìwòsàn wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà náà, àwa nọ́ọ̀sì àgbà ni a sì kọ́kọ́ bá a jà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá kan tí a gé ìfun rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó jókòó lórí àga ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ń mu tíì, mo wọ inú ilé ìwẹ̀ lọ, mo sì sunkún ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ikú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i pé ètò náà kò ní oògùn titun kankan nínú. Ohun tí ó ní nínú ni ìfìmọ̀ṣọ̀kan: dókítà abẹ, akunnilóorun, nọ́ọ̀sì, ẹni tí ń kọ́ni rìn, alásè, àti ẹbí aláìsàn, kí gbogbo wọn máa ka ìwé kan náà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ìtọ́jú náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé, bí iṣẹ́ abẹ kò bá jẹ́ ti pàjáwìrì. Ẹni tí ń mu sìgá, kí ó fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a sì tọ́jú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, dípò tí a ó fi máa sáré wá ẹ̀jẹ̀ kiri ní òru. Kí a wọn ṣúgà àti ìfúnpá, kí a sì mú wọn wá sí ìwọ̀n. Ní ti àgbo, èmi kò wá síhìn-ín láti bú u. Ìyá mi ta á. Ṣùgbọ́n àgbo mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, òmíràn a máa bá oògùn orun jà. Ohunkóhun tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ má sì fi abẹ fá irun ara aláìsàn sílé. Mo mọ̀ pé ìmọ́tótó ni ẹ rò pé ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n abẹ ìfárí a máa ha awọ ara wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni kòkòrò sì ń gbà wọlé. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tó.

Ọ̀rọ̀ ebi ńkọ́? Ní ìgbà èwe mi, láti alẹ́ àná ni a ti ń sọ fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ fi omi kan ètè. Bí dókítà bá wá pẹ́, ó lè di aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ti rí arúgbó tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé bí oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́ bá ti kúrò lẹ́nu fún wákàtí 6, ó tó, àfi oúnjẹ ọlọ́ràá àti ẹran tí ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi lásán tàbí tíì tí kò ní mílíìkì sì ṣeé mu títí di wákàtí 2 ṣáájú oògùn orun. Oúnjẹ ni ẹ̀kọ mímu jẹ́ o, kì í ṣe omi. Èyí kò sì kan ẹni tí ìfun rẹ̀ há, tàbí ẹni tí dókítà bá fún ní òfin mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.

Ohun tí ń lọ nínú tíátà kì í ṣe ti yín láti ṣe, nítorí náà n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé pélébé kan jáde, ohun 19 ni ó wà nínú rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kà sókè: ta ni aláìsàn yìí, apá ibo ni a fẹ́ gé, ǹjẹ́ a ti fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò kí abẹ tó kàn án, ǹjẹ́ kànìnkànìn àti abẹ́rẹ́ pé bí a ti kà wọ́n. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá náà sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, tí ọ̀kan wà ní Tanzania. Àwọn tí ń kú dín láti 15 sí 8 nínú 1000. Ìwé pélébé ni o. Bí a bá kọ́ yàrá titun wa, ẹ jẹ́ kí a lẹ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí iná ńlá náà tó tàn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹbí fetí sí. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aláìsàn dìde, ẹ bá a gbé e. Kí ó jókòó ní ọjọ́ náà bí ó bá lè ṣe é, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kejì. Rírán tí dókítà rán an kì í tú nítorí ìrìn. Ẹ kọ́ ọ kí ó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó sì máa mí kanlẹ̀ nígbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá lajú. Bí ara bá ń ro ó, kí ó sọ. Ọkùnrin tí ó pa ẹnu mọ́ tí ó ń farada ìrora kì í mí dáradára, kì í sì í rìn. Kí a yọ okùn tí ń gba ìtọ̀ ní kíá tí kò bá wúlò mọ́, nítorí pé kòkòrò a máa gba ara rẹ̀ gòkè. Oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, bí dókítà bá ti fi àṣẹ sí i, kò sì sí ìdí tí a ó fi dúró di ìgbà tí inú bá tú. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá ní ọjọ́ kìíní, mo mọ ìfẹ́ yín, mo sì ti jẹ nínú iyán náà lẹ́yìn tí aláìsàn kọ̀ ọ́. Ẹ gbé ẹyin àti ẹja wá ní ọjọ́ kẹta.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó gbóná, tí ó ń ro ó, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, bí kò bá sì dá yín lóhùn, ẹ pariwo. Bí èémí bá yá ju ti tẹ́lẹ̀, bí ọkàn bá ń sáré, bí ìtọ̀ bá dín, bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, àwọn wọ̀nyí kì í dúró de òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀ràn yìí kàn yín ju àwọn ọkùnrin lọ, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Nínú ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a yẹ àwọn abiyamọ wò lọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè 22: nǹkan bí 5 nínú 1000 ni ó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ìyẹn sì tó ìlọ́po 50 ti àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídà ni olórí ewu. Ẹni tí ó jókòó tì í ní wákàtí àkọ́kọ́, tí ó ń wo aṣọ abẹ́ rẹ̀, tí ó ń wọn ìfúnpá rẹ̀, òun ni ó ń gbà á là.

Alàgbà Alága, mo wá padà sí ọ̀ràn yàrá wa. Mo lọ sí ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá. Ibùsùn 14 ni ó wà ní wọ́ọ̀dù, kò sì sí àga kan ṣoṣo tí aláìsàn lè jókòó lé. Nọ́ọ̀sì òru jẹ́ ẹnìkan. Ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá jẹ́ ọ̀kan, okùn rẹ̀ sì ti ya. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá tó nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí. Bí a bá gbé tábìlì Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀ bí ó ti rí yìí, iṣẹ́ abẹ yóò pọ̀ sí i, àwọn tí kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ wọn lóru yóò sì pọ̀ sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ èyí, bàbá wa kan ní mo ń fi ẹnu tẹ́ ẹ̀bùn àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun. Rárá, bàbá. Èmi pẹ̀lú ti jẹ́ ọmọ òkè òkun, mo sì mọ bí ó ti dùn tó láti rí orúkọ ẹ̀ka ẹni lára ògiri. Ó ṣòro láti kọ orúkọ ẹ̀ka sí ara owó oṣù nọ́ọ̀sì òru.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe ṣí yàrá náà kí wọ́ọ̀dù tó tẹ̀lé e. Kí a kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá mẹ́ta, ẹ̀rọ ìka mẹ́rin, àti ẹ̀rọ tí ń pèsè afẹ́fẹ́ ọ́síjìn pẹ̀lú iná oòrùn tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. Kí a tún ilé alájà méjì tí ó wà lẹ́yìn ọgbà náà ṣe, kí nọ́ọ̀sì méjì lè máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé àìsí ilé ni ó ń lé wọn lọ. Kí ìgbìmọ̀ bá ìjọba sọ̀rọ̀ pé kí nọ́ọ̀sì kan jẹ́ alábòójútó, tí yóò rí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí yóò sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo títí yóò fi padà sílé. Èmi yóò kọ́ onítọ̀hún láìgba kọ́bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ọ Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́wàá, mo wà nílé fún ẹnikẹ́ni tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá ti sún mọ́, kí òun àti ẹni tí yóò dúró tì í jọ wá.

Ní ti àga, mo ti ra mẹ́fà tí ó ní apá àti ẹ̀yìn tí ó le. Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn yìí. Àwọn kan nínú yín ni ó jókòó lé wọn nísinsìnyí. Bí ìpàdé bá ti tán, mo ń fẹ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kí ó bá mi kó wọn dé wọ́ọ̀dù kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ń fẹ́ ẹni tí yóò ra mẹ́jọ tí ó kù.